Àpótí Ọṣẹ Tó Yáná

Ọ̀sẹ̀ kẹta lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ ogójì ọkọ mi, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin mú àlejò kan wá bá mi láti Kútọnu. Àlejò náà wọ bàtà funfun. Ẹni tó bá wọ bàtà funfun wọ àgbàlá ní Dówà, àdúgbò wa ní Àjàṣẹ́, lásìkò òjò, ẹ ti mọ irú ọgbọ́n tó ní kó tó lanu. Ó kí mi kú ọ̀fọ̀, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò kúrò lára ògiri níbi tí gìtá ọkọ mi wà. Kí n tó dá a lóhùn, ó ti dìde, ó ti ń fi ìka gbá ẹ̀yìn gìtá náà, kó, kó, kó, bí ẹni tó ń yẹ ìbẹ́pẹ wò lọ́jà Wàǹdó. Ó mi orí.

"Màmá, ohun àtijọ́ gidi lẹ ní yìí o. Irú wọn ò sí mọ́."

Mo wo ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ̀gbọ́n mi ń wo ilẹ̀. Ó yẹ kó wolẹ̀.

Mo ti darúgbó. Ìwé tí mo kà kò ju kíláàsì márùn-ún lọ, ẹni tó bá sì rí i pé lẹ́tà mi wọ́ síbì kan, kó tọ́ ọ fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n orúkọ kì í sọnù lọ́wọ́ mi. Ẹni tó bá bá mi pàdé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, orúkọ rẹ̀, orúkọ ìyá rẹ̀, àti èyí tí wọ́n fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ rẹ̀ ní kékeré, gbogbo rẹ̀ wà lórí mi. Mo lè pe gbogbo àwọn tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ wọn yìí lọ́kọ̀ọ̀kan. N kò ní pè wọ́n. Ẹni tó bá fẹ́ kí orúkọ òun wọ ìwé, kó ṣe ohun tó yẹ ìwé. Ti ọkọ mi nìkan ni ì bá wù mí láti kọ, òun kò sì fẹ́ràn kí wọ́n máa pariwo òun. Nítorí náà, kó máa wà bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí gìtá náà ti rí, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé ohun ọ̀ṣọ́ kan ni. Pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni wọ́n fi ṣe é, irú èyí tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ra ní ìpele-ìpele láti fi ṣe àpótí ọjà. Àwọ̀ rẹ̀ dà bí epo tó jóná. Kò sí àtè lọ́rùn rẹ̀. Ìṣó ńlá kan tí wọ́n yí wọlé láti ẹ̀yìn ló dì í mú. Okùn rẹ̀ kò so mọ́ igi tí wọ́n lẹ̀ mọ́ àyà rẹ̀ bíi ti gìtá àwọn ọlọ́lá. Irin pẹlẹbẹ kan ló wà nídìí rẹ̀ tí gbogbo okùn kọ́ sí. Okùn náà sì ga sókè lọ́rùn rẹ̀ débi pé ẹni tó bá fẹ́ tẹ̀ ẹ́ gbọ́dọ̀ ní ìka àgbẹ̀. Ọjà Wàǹdó ni ọkọ mi ti rà á lọ́dún tó ṣáájú ìgbéyàwó wa, lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó ń ta àtùpà àti kẹ̀kẹ́ àlòkù. Ó ti gbó kó tó rà á. Ihò kan wà léjìká rẹ̀. Ọkọ mi gé agolo tòmáàtì, ó fi dí i. Nígbà tí okùn tó nípọn jù já, tí kò sí òmíràn ní gbogbo Àjàṣẹ́, ó tú wáyà bíréèkì kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó fa ẹyọ kan yọ, ó fi rọ́pò okùn. Oṣù méjì gbáko ló fi ń fi ẹsẹ̀ dá kẹ̀kẹ́ dúró.

Èmi kì í ṣe ọmọ ilé irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Àgùdà ni wá. Bàbá bàbá wa bá ọkọ̀ ojú omi dé láti Bàhíà lókè òkun, a ní pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí wọ́n ya òdòdó sí orí fèrèsé rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òrùlé rẹ̀ ń jò sórí ibùsùn wa. Ẹ̀gbọ́n mi yìí, tí mo ń pè ní Fòfó bí àwa ọmọ Àjàṣẹ́ ṣe ń pe ẹ̀gbọ́n ọkùnrin, akọ̀wé ìjọba ni. Òun ló jogún gìtá bàbá bàbá wa: igi pupa tó ń dán, ìkarahun wẹ́wẹ́ yí ihò rẹ̀ ká, inú àpótí tí wọ́n tẹ́ àrán pupa sí ló sì ń sùn bí ọmọ ọba. Lọ́jọ́ bùríyàn, nígbà tí àwa Àgùdà bá gbé ẹṣin aláṣọ jáde tí a ń jó kiri títì, Fòfó á gbé gìtá náà sórí itan, wọn á ya fọ́tò rẹ̀. Ó tán. Kò mọ̀ ọ́n ta. Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ: kò mọ̀ ọ́n ta. Ó mọ ọjọ́ orí rẹ̀, ó mọ irú igi tí wọ́n fi ṣe é, ó mọ ohun tí òyìnbó kan sọ nípa rẹ̀ nígbà kan. Ó dà bí ẹni tó mọ ìtàn ọbẹ̀ láti oko dé ìkòkò, tí kò tọ́ ọ wò rí.

Ọjọ́ tí ọkọ mi kọ́kọ́ wá kí àwọn ará ilé wa, ó gbé gìtá tirẹ̀ kọ́ èjìká. Olùkọ́ ni, ní ilé-ìwé Mẹ́tọ́díìsì, bàtà rẹ̀ mọ́, kò sì mọ̀ pé ilé tó ń wọ̀ yìí, bàtà nìkan kọ́ ni wọ́n ń wò. Fòfó wò ó láti òkè délẹ̀.

"Ọmọ Mẹ́tọ́díìsì, àpótí ọṣẹ wo lo gbé wá fún wa yìí?"

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, kí Ọlọ́run darí jì mí.

"Ọṣẹ ti tán nínú rẹ̀, Fòfó," ni ọkọ mi wí. "Orin ló kù."

"Orin kẹ̀? Jẹ́ ká gbọ́."

Ó ta á. N kò ní purọ́ pé ó dùn bíi ti áńgẹ́lì. Ó ń dún bí ẹni tó ní ikọ́ ṣùgbọ́n tó mọ ọ̀rọ̀ sọ. Ìyá mi ń gún nǹkan lẹ́yìn ilé. Ó dáwọ́ ọmọ odó dúró láti gbọ́, ìyá mi kì í sì í dáwọ́ ọmọ odó dúró fún Bíṣọ́ọ̀bù. Bí wọ́n ṣe gbà kó fẹ́ mi nìyẹn. Ṣùgbọ́n "àpótí ọṣẹ" kò kúrò lẹ́nu Fòfó mọ́. Bí a bá lọ kí wọn, "Àpótí ọṣẹ ńkọ́?" Bí mo bá bímọ, "Ṣé inú àpótí ọṣẹ lẹ tẹ́ ẹ sí?"

Yàrá méjì la ní ní Dówà. Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́, bí mo bá jókòó ti àwo ẹ̀gúsí mi, ọkọ mi á jókòó ti gìtá rẹ̀. Èmi ń bó, òun ń ta. A kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Àwọn kan ní ilẹ̀, àwọn kan ní ilé. Ohun tí àwa ní nìyẹn. Bí Fòfó bá ti gún mi lọ́rọ̀, tí mo wá ń ráhùn, ọkọ mi á ní, "Má bá wọn jà. Má sì yìn ín fún wọn o. Ohun tí wọ́n bá ń fojú tín-ín-rín ló ń pẹ́ nílé ẹni."

Lóṣù kẹwàá ọdún 1972 ni àwọn ṣójà gbàjọba ní Kútọnu. A gbọ́ ọ lórí rédíò, a sì gba ọjà lọ. Ṣùgbọ́n Fòfó gbọ́ ọ ju gbogbo wa lọ. Kí ọdún méjì tó yí po, ó ti bọ́ táì, ó ti gbàgbé Bàhíà. Bàbá bàbá wa tó ní pẹ̀tẹ́ẹ̀sì di òṣìṣẹ́ tí wọ́n rẹ́ jẹ. Fòfó di délégé, ẹni tó ń ṣojú ìjọba ládùúgbò wa. Bí ẹ bá kí i pé ẹ kú àárọ̀, á nàka sókè: "Ìjà ń bá a lọ!" Ìyá wa á bi í pé, "Ìwọ àti ta ni?"

Wọ́n wá ní kí àdúgbò kọ̀ọ̀kan dá ẹgbẹ́ akọrin sílẹ̀ láti máa kọrin Rẹfolúsíọ̀n, kí gbogbo wọn sì díje ní pápá kan ní Wàǹdó níwájú àwọn ọ̀gá láti Kútọnu. Fòfó pe ìpàdé. Ó ní gbogbo ohun èlò orin tó wà nílé ẹnikẹ́ni, ti ará ìlú ni. Ẹni tó bá fi pamọ́, ọ̀tá ará ìlú ni. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Àdúgbò wa fẹ́ràn àtẹ́wọ́. Wọn ì bá pàtẹ́wọ́ fún ẹni tó ń dáná sun ilé wọn. Ìyá arúgbó kan tó ń ta àkàsà ní ìkóríta ló dìde nínú gbogbo wọn.

"Délégé, ti inú àrán ńkọ́?"

Kò sí ibi tí Fòfó fẹ́ gbà mọ́. Ó ní òun ti ní in lọ́kàn tẹ́lẹ̀ láti mú un wá. Nítorí pé kò mọ̀ ọ́n ta, ó ní kí ọkọ mi wá ta á, pé ọwọ́ délégé wà fún ìtọ́sọ́nà. Lẹ́yìn náà ló nàka sí ọkọ mi níwájú gbogbo èèyàn: "Àpótí ọṣẹ tìrẹ, fi í sílé. A ò fẹ́ kí àwọn ará Kútọnu rò pé ebi ń pa wá ní Dówà."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Inú ọkọ mi dùn. Tirẹ̀ yóò wà nílé. Inú tèmi kò dùn. Ẹ̀gún ni ọ̀rọ̀ yẹn nínú mi, mo sì gbé e kiri títí ọjọ́ ìdíje fi pé.

Lọ́jọ́ náà, òjò rọ̀ láti àárọ̀, ó dá níwọ̀n agogo mẹ́ta ọ̀sán. Àwọn onílù wa ti Àjárà wá, níbi tí wọ́n ti ń gbẹ́ ìlù fúnra wọn. Awọ ìlù ti rọ̀ nítorí òjò. Wọ́n dá iná háhá àgbọn, wọ́n to ìlù yí i ká kó yáná, bí wọ́n ti máa ń ṣe. Ọmọdé ìlú wa mọ ìyẹn: ìlù tó bá tutù, iná ló ń là á lóhùn. Gìtá inú àrán náà ti gba ọ̀rinrin, okùn rẹ̀ ti rọ̀, ọkọ mi sì jókòó, ó ń yí i díẹ̀díẹ̀, ó ń tẹ́tí. Fòfó dé, ó gbọ́ bó ṣe ń dún kúkúkú.

"Kí ló ń ṣe é?"

"Òjò ni, Fòfó. Ẹ fún mi láàyè díẹ̀."

"Àwọn ọ̀gá ti ń bọ̀, ò ń sọ̀rọ̀ àyè! Gbé e sídìí iná."

"Fòfó, gìtá kì í yáná o. Àtè ló so ó pọ̀, àtè awọ màlúù. Iná á yọ́ ọ."

"Ṣé awọ màlúù kọ́ ló wà lójú ìlù ni? Ìlù ń yáná, gìtá ò gbọdọ̀ yáná? Ṣé ọmọ ọba ni? Ìdọ́gba la wà báyìí! Gbé e síbẹ̀!"

Mo mọ gbogbo àwọn tó dúró yí iná náà ká. Àwọn tó mọ igi wà níbẹ̀. Káfíńtà méjì wà níbẹ̀. Iná ni gbogbo wọn ń wò. Ọkọ mi kò gbé e. Fòfó fúnra rẹ̀ ló gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, tó fi í ti ìlù méjì, tó kọjú àyà rẹ̀ sí ẹ̀yinná, tó sì dúró tì í bí ẹni tó ń yan ẹja.

Kò pẹ́. Ó dún pàú! Igi tí okùn so mọ́ tú kúrò láyà rẹ̀, ó fò kọjá etí Fòfó pẹ̀lú gbogbo okùn. Lẹ́yìn náà, ẹ̀yìn rẹ̀ là díẹ̀díẹ̀, wẹ́rẹ́, bí ẹnu ẹja tó kú. Ohun tó la òkun kọjá láti Bàhíà, iná háhá àgbọn ní Wàǹdó ló parí rẹ̀. Àgbà onílù ará Àjárà kan sún ìlù rẹ̀ sẹ́yìn. "Délégé," ló ní, "àwa ń mú ìlù yáná. A kì í sè é." Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín.

Ká ní mo dákẹ́ níbẹ̀, ayé mi ì bá yàtọ̀. Ṣùgbọ́n mo rí ojú Fòfó, mo rí i bó ṣe fọ́n ká bíi gìtá rẹ̀, ẹ̀gún ọjọ́ pípẹ́ sì yí nínú mi. Mo bọ́ sáàárín.

"Ẹ dúró síbẹ̀! Mò ń lọ mú àpótí ọṣẹ wá! Ẹ gbé òun náà sídìí iná, kẹ́ ẹ wá wò ó bóyá á ṣe nǹkan kan!"

Ọkọ mi ní, "Ìyá ọmọ, má ṣe bẹ́ẹ̀." Mo ti ń sáré. Mo ká aṣọ mi mọ́ orúnkún, mo dé Dówà, mo já gìtá náà lára ògiri, mo sì padà dé kí òógùn mi tó gbẹ. Èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi gbé e kalẹ̀ síbi tí ti Fòfó ti là. Ó yáná. Ọ̀dà ara rẹ̀ sú díẹ̀, ó rùn bí ọkọ̀ àtijọ́. Ìṣó ọrùn rẹ̀ ò mì. Irin ìdí rẹ̀ ò mì. Agolo tòmáàtì wà láyè rẹ̀. Mo gbé e sókè fún gbogbo wọn wò, mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í yìn ín. Mo ní kò sí irú rẹ̀ ní gbogbo Dàhòmì. Mo ní òjò ò lè pa á, iná ò lè pa á, délégé ò lè pa á.

Àwọn tó ti ń fi í rẹ́rìn-ín láti ọjọ́ yìí wá ló ń ké jù. "Gìtá ará ìlú! Gìtá ará ìlú!" Irú èèyàn tí a jẹ́ nìyẹn. Ọkọ mi ta á lọ́jọ́ náà, Dówà sì ṣe ipò kejì. Ọ̀gá kan láti Kútọnu, tí ikùn rẹ̀ kò jọ ikùn òṣìṣẹ́, sọ̀ kalẹ̀ láti orí àga, ó fi ìka gbá ẹ̀yìn gìtá náà, kó, kó, kó. Ó ní gìtá àwọn òtòṣì nìyí, irú rẹ̀ ni Rẹfolúsíọ̀n ń fẹ́. Fòfó ti dé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kó tó sọ ọ́ tán.

"Tiwa ni, kámáráàdì. Dówà ló ń tọ́jú rẹ̀."

Kó tó di ọ̀túnla, wọ́n ti gbà á. Wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ nọ́ńbà sẹ́yìn rẹ̀, wọ́n ní ohun ìní ẹgbẹ́ akọrin ni, ọ̀dọ̀ délégé ni yóò máa wà. Fòfó ò tún pè é ní àpótí ọṣẹ mọ́. Kò sì pe ọkọ mi sí ẹgbẹ́ náà mọ́. Wọ́n wá ẹnìkan tó mọ orin méjì, tí kì í sì í bi délégé ní nǹkan kan. Nígbà tí wọ́n gbé e jáde nílé wa, ọkọ mi kò bá mi jà. Ì bá bá mi jà. Gbólóhùn kan ṣoṣo ló sọ, ó sì sọ ọ́ jẹ́jẹ́.

"O yìn ín."

Ọdún mẹ́ta ni mo fi ń bó ẹ̀gúsí láìgbọ́ nǹkan kan. Ọkọ mi á jókòó síbi tó ti ń jókòó, á máa fi ìka òsì tẹ etí tábìlì, bí ẹni pé okùn wà níbẹ̀. Mo ní kó ra òmíràn. Ó ní òun ò tíì parí ti èyí. Bí a bá gbọ́ ẹgbẹ́ akọrin tí wọ́n ń kọjá lọ, á dìde, á lọ wẹ̀.

Nígbà tó yá, ìjọba fún ẹgbẹ́ náà ní gìtá tuntun, èyí tó ń dán, kò sì sẹ́ni tó bèèrè èyí tó gbó mọ́. Ọjọ́ kan ni mo lọ kí ìyàwó Fòfó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Mo wọ ilé ìdáná wọn láti bu omi. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn níbẹ̀ ni mo ti rí i. Wọ́n ti já okùn mẹ́ta, wọ́n fi so ewúrẹ́ ni tàbí kí ni mo mọ̀. Inú ihò rẹ̀ ni wọ́n ń kó ẹja gbígbẹ sí kí eku má baà jẹ ẹ́. Gìtá ará ìlú! Adìẹ kan sì jókòó lé e lórí, ó sàba.

Mo lé adìẹ náà, mo kó ẹyin mẹ́fà rẹ̀ sílẹ̀. Mo da ẹja náà sílẹ̀. Mo gbé gìtá náà sórí, mo jáde. Fòfó pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà.

"Níbo lò ń gbé e lọ? Ohun ìní ìjọba nìyẹn!"

"Ẹyin mẹ́fà tó wà lábẹ́ adìẹ yẹn ńkọ́, Fòfó? Ṣé ti ìjọba ni?"

"Mo máa kọ orúkọ rẹ sílẹ̀!"

"Ẹ̀yin lẹ sọ mí lórúkọ níwájú àlùfáà. Ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́."

Kò kọ nǹkan kan. Akin délégé kò ju ẹnu rẹ̀ lọ. Mo gbé e lórí la gbogbo Dówà já ní ọ̀sán gangan, n kò sì yìn ín fún ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá bi mí, mo ní igi ìdáná ni. Ọkọ mi gbà á, ó gbé imú sí ihò rẹ̀, ó sì rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún mẹ́ta. A fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, a fi ọsàn wẹ́wẹ́ ra inú rẹ̀, a sá a sóòrùn. Òórùn náà kò lọ. Títí dòní, bí òjò bá fẹ́ rọ̀, ẹja gbígbẹ á máa rùn láti inú gìtá náà. Bẹ́ẹ̀ ni ọkọ mi ṣe ta á títí ìka rẹ̀ fi kọ̀ jálẹ̀, ní oṣù mẹ́rin ṣáájú ọjọ́ tí àlejò yìí dé.

Àlejò bàtà funfun ti gbé e kúrò lára ògiri láìgba àṣẹ. Ó dojú rẹ̀ bolẹ̀, ó rí nọ́ńbà pupa náà, ojú rẹ̀ là.

"Ti ìgbà Rẹfolúsíọ̀n! Màmá, nọ́ńbà yìí gan-an ló níyì. Àwọn kan wà tí wọ́n ń wá irú èyí kiri."

Fòfó wá gbójú sókè. "Èmi ni délégé nígbà náà," ló ní. "Èmi ni mo dáàbò bò ó." Ó ti lé lọ́gọ́rin ọdún, kò sì tijú. "Àbúrò, tà á. Kí ni opó fẹ́ fi gìtá ṣe?"

Ẹnu mi ti là. Gbogbo rẹ̀ wà lẹ́nu mi: iná háhá àgbọn, gìtá inú àrán tó là bí ẹja, bí tiwa ṣe jókòó sójú iná tí kò sì mì. Mo fẹ́ sọ ọ́ kí ojú tì í níwájú àlejò rẹ̀. Mo fẹ́ sọ ọ́ ju bí mo ṣe fẹ́ jẹun lọ láti ọjọ́ tí ọkọ mi ti kú. Mo rántí ọ̀rọ̀ ọkọ mi: "O yìn ín."

"Ọ̀gá," ni mo wí, "wọ́n tàn yín jẹ. Àpótí ọṣẹ ni. Ẹ bi ẹ̀gbọ́n mi, òun ló kọ́kọ́ sọ ọ́, ó sì mọ gìtá ju gbogbo wa lọ. Pákó àpótí ọjà ni. Agolo tòmáàtì rèé léjìká rẹ̀. Eléyìí kì í ṣe okùn, wáyà bíréèkì kẹ̀kẹ́ ni. Kò dún dáadáa rí. Ẹ gbóòórùn rẹ̀ ná."

Ó gbé imú sún mọ́ ihò náà. Ó fà sẹ́yìn kíá, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan sì bọ́ láti ẹnu ilẹ̀kùn sínú ẹrẹ̀ àgbàlá mi.

"Ìwọ náà mọ ohun tó wà nílé yìí," Fòfó ń kùn sí mi. "O kàn ò mọ iyì rẹ̀ ni."

"Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi, Fòfó."

Wọ́n lọ. Àlejò náà ń fi ewé nu bàtà, Fòfó ń tẹ̀lé e, ó ń ṣàlàyé. Mo gbé gìtá náà padà sára ìṣó rẹ̀. Mo gbé àwo ẹ̀gúsí mi wá, mo jókòó sábẹ́ rẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í bó. Ojú ọ̀run ti ṣú lápá ọ̀sà. Ẹja gbígbẹ ti ń rùn.